Àbúrò mi forí gbá ti ẹlòmíì nínú bọ́ọ̀lù, scan ò rí nǹkan kan, àmọ́ orí ṣì ń fọ́ ọ

OmoIsanlu:
Okun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní SS3 lọ gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ẹnì kan jọ fò sókè, orí kọlu orí, ó bá ṣubú. Kò dákú o, ó dìde fúnra ẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ máa gbá a lọ, àfi bó ṣe ń bi wọ́n pé góòlù mélòó làwọn ti jẹ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló jẹ èyí tó kẹ́yìn. A gbé e lọ sọ́sípítù, ó bì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ká lọ ya scan ní Lọ́kọ́ja, a yà á, wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Nísinsìnyí orí ṣì ń fọ́ ọ, tó bá ti wo fóònù pẹ́ òòyì á máa kọ́ ọ, ó wá ń kanra mọ́ gbogbo ayé, ọmọ tó jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ló máa ń ṣe. Màmá ní kò gbọdọ̀ sùn wọra, wọ́n ń jí i lóru, wọ́n tún ń fi òrí tẹ̀ ẹ́ lórí. Kóòṣì ń pè pé àwọn ní match ní Kábbà ní Sátidé. WAEC náà ń bọ̀. Ṣé kò sí nǹkan kan lóòótọ́?

NoosiEgbe:
Okun. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí scan yẹn ń wá ni bóyá agbárí sán tàbí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú. Concussion tó jọ pé ó ṣe é ò rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ló mì nínú agbárí, iṣẹ́ ẹ̀ dàrú fúngbà díẹ̀, ìyẹn ò sì ní hàn nínú fọ́tò. Kò tún dìgbà téèyàn bá dákú, ọ̀pọ̀ tó ní in ni ò dákú rárá. Ìkanra yẹn wà lára ẹ̀, ẹ má bá a jà.

Ẹ bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kó sùn. Dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, oorun ló máa ràn án lọ́wọ́. Ọjọ́ 1 sí 2 àkọ́kọ́ lèèyàn fi ń sinmi gan-an, lẹ́yìn ìyẹn kó máa rìn káàkiri ilé, kó kàwé díẹ̀, tórí bá ti ń le sí i kó pa ìwé dé. Ẹ má wá tì í mọ́ inú òkùnkùn fún oṣù kan o, ìyẹn gan-an máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó yá. Àgbàlagbà sábà máa ń yá láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ọmọdé àtọ̀dọ́ lè tó ọ̀sẹ̀ 4.

Àmọ́ tó bá ń bì léraléra, tórí ń le sí i ṣáá, tí ọmọlójú kan tóbi ju ìkejì, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, tí gìrì mú un, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tẹ́ ẹ jí i tí ò jí, ẹ má dúró mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́sípítù kíá.

AgbaboluMopa:
Èmi kóòṣì yẹn ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ rántí Christoph Kramer ti Jámánì, final World Cup 2014, èjìká ará Argentina kan gbá a lójú, wọ́n jẹ́ kó máa gbá a lọ fún bí ìṣẹ́jú 14, ló bá lọ bi rẹfirí pé ṣé final lèyí! Rẹfirí ló lọ sọ fún Schweinsteiger tí wọ́n jọ ń gbá fún Jámánì kí wọ́n tó mú un jáde. Final o, tí dókítà kún ẹ̀gbẹ́ pápá, ká má wá sọ tiwa níbí.

Kò gbọdọ̀ gbá ti Sátidé. Tórí bá tún gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san ọpọlọ lè wú, kò wọ́pọ̀ àmọ́ ó ń pa ọmọ. Ó máa rìn, ó máa sáré díẹ̀, ó máa ṣe trénìn láìfi orí kan bọ́ọ̀lù, dókítà á ní ó yá, kó tó kan match. Ìpele kan ò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 24, tórí bá tún bẹ̀rẹ̀ ó máa padà sẹ́yìn.

IyaIbeji_Ayetoro:
Ẹ ra Alabukun fún un, orí á fúyẹ́.

NoosiEgbe:
Ẹ jọ̀ọ́ Mà, rárá o. Aspirin wà nínú Alabukun, kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ tètè dì, a ò sì fẹ́ ìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí gbá. Paracetamol ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Tramadol ńkọ́, kò gbọdọ̀ débẹ̀.

OmoIsanlu:
Ẹ ṣé gan-an. Alabukun wà nínú àpò Màmá lóòótọ́ o, mo ti gbà á. Wọ́n ti gbà pé kó máa sùn, àmọ́ òrí yẹn ni wọn ò tíì fẹ́ fi sílẹ̀. Mo pe kóòṣì, inú ń bí i, ó ní ta lòun fẹ́ fi síwájú báyìí.

AgbaboluMopa:
Kó bọ́ sójú pápá fúnra ẹ̀.

NoosiEgbe:
😂 Ẹ tún bá kíláàsì tíṣà ẹ̀ sọ ọ́, kó máa lọ síléèwé fún ìdajì ọjọ́ ná. Òrí ò burú, títẹ̀ yẹn ni kí wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró.