Agbádá sányán bàbá àgbà ti ń jẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mú_Ìbàdàn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Agbádá bàbá tó bí bàbá mi ló wà lọ́wọ́ mi, sányán ni, inú àpótí pákó ló wà tipẹ́, ìgbà tá a wá kó o jáde a rí i pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ léjìká, ihò wẹ́wẹ́ ló pọ̀ ńbẹ̀, ojú rírán ti tú láwọn ibì kan, omi òrùlé sì ti ṣe àbàwọ́n sí i lẹ́yìn. Télọ̀ kan ní kí n jẹ́ kóun fi gum stay, aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lára, tì í nínú kóun wá fi máṣíìnì tẹ̀ ẹ́, bùrọ̀dá mi ní ká kàn gbé e lọ sí dráíkílínà. Ọkàn mi ò gba ìkankan níbẹ̀. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ síbi ìnáwó màmá mi lóṣù Kejìlá, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Ahunṣọ
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí télọ̀ yẹn fọwọ́ kàn án! Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni wọ́n fi ń lẹ gum stay mọ́ aṣọ, tó bá ti lẹ̀ ó parí nìyẹn, ẹ ò ní lè yọ ọ́ kó má já òwú àtijọ́ yẹn dání. Ìdílé tó ń hun òfì n'Ísẹ́yìn ni mo ti wá. Ẹ rántí pé awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀ di agbádá, ti àtijọ́ máa ń tó nǹkan bí ínṣì 4 ní ìbú, torí náà ibi tí ojú rírán ti tú yẹn, aṣọ fúnra ẹ̀ ò ya, òwú ìránṣọ ló gbó. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi rán an padà, abẹ́rẹ́ tínrín àti òwú kọ́tìnì, kẹ́ ẹ máa mú etí awẹ́ méjèèjì díẹ̀díẹ̀ láìfà á le. Ẹ má lo òwú pólíẹ́sítà tó yi, torí lọ́jọ́ tí nǹkan bá fà á, aṣọ ló máa ya, bẹ́ẹ̀ òwú ìránṣọ ló yẹ kó kọ́kọ́ já.

Ti ihò, ẹ wo inú àpò àti ibi tí wọ́n ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ po sí, ẹ lè rí òwú sányán gidi fà yọ níbẹ̀ fún àtúnṣe. Ó lè dúdú díẹ̀ ju ti ìta lọ torí oòrùn ò kàn án, ṣùgbọ́n ó sàn ju tọjà lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní sányán báyìí kọ́tìnì tàbí réyọ̀nù tí wọ́n pa láró ni.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Àrẹ̀mú, ìtọ́jú aṣọ àtijọ́ niṣẹ́ mi níbí. Kó o tó mú abẹ́rẹ́ rárá, pa kòkòrò yẹn ná, ẹyin ẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Òwú sányán, ara ilé tí kòkòrò inú igbó kọ́ ni wọ́n ti ń ran án, sílíìkì ni, àwọn tó ń jẹ aṣọ sì fẹ́ràn sílíìkì àti irun àgùntàn gan-an. Fi aṣọ funfun wé e, kó o wé náílọ̀n lé e, lé afẹ́fẹ́ jáde, lẹ ẹnu ẹ̀ pa, kó o tì í sínú frísà tó tutù tó -18°C fún ọ̀sẹ̀ 2. Frísà tí iná ò ti ń lọ ni o, tó bá ń yọ́ tó ń dì kòkòrò náà lè yè é. Tó o bá gbé e jáde má tú náílọ̀n títí di ọjọ́ kejì, kí omi má bàa sẹ̀ sára aṣọ.

Má fọ̀ ọ́, má fi blíìṣì kàn án, àbàwọ́n yẹn kò burú tó aṣọ tó fàya nínú omi. Dráíkílínà náà, rárá. Tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e kó o fi vacuum tí agbára ẹ̀ kéré fa eruku ẹ̀. Ibi tí ihò pọ̀ sí, fi sílíìkì tàbí kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó jọ àwọ̀ ẹ̀ tì í lábẹ́, kó tóbi ju ibi tó jẹ lọ kó lè dé ibi tó ṣì lágbára, kó o wá fi òwú tínrín dì í mọ́ra.

Alágbádá
Ẹ̀yin ará, kí àtúnṣe tó gbẹgẹ́ tó báyìí má wá sọ ọ́ di aṣọ inú àpótí o. Sányán baba aṣọ ni, ó yẹ kí ẹbí rí i lọ́rùn ọmọ.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Mi ò ní kó má wọ̀ ọ́ láé sà. Ṣùgbọ́n èjìká ni kòkòrò ti jẹ ẹ́, èjìká yẹn náà la sì máa ń ká apá agbádá lé, gbogbo ìwúwo ẹ̀ ibẹ̀ ló máa kó sí. Tó bá di dandan, kó wọ̀ ọ́ fún àdúrà àti fọ́tò, kó má ká apá lé èjìká, kó má jó, kó wá pààrọ̀ aṣọ.

Àrẹ̀mú_Ìbàdàn
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo fa òwú kan láti inú àpò, mo fi iná kàn án, òórùn irun tó jó ló ń rùn! Ó ti wà nínú frísà ẹ̀gbọ́n mi tó ní ìnfátà. Kí ni kí n máa fi tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó?

Ọmọ_Ahunṣọ
Ẹ ò rí i, sílíìkì gidi! Ká ní kọ́tìnì ni, òórùn bébà tó jó lẹ máa gbọ́. Ẹ má ṣẹ́ ẹ mọ́, ojú ibi tá a bá ń ṣẹ́ ló máa ń ya. Ẹ ká a mọ́ páìpù tẹ́ ẹ ti fi aṣọ funfun tó mọ́ wé, ẹ tún fi òmíràn bò ó. Kánfọ̀ ò gbọdọ̀ kan aṣọ náà o. Kẹ́ ẹ sì máa tú u wò lóṣù 3, 3. Ẹ ya fọ́tò èjìká yẹn síbí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, kí n lè wo ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ gbà.