Ọmọ Ló Ń Béèrè: Ìrírí Wa Lọ́dọ̀ Àwọn Júù

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan béèrè lánàá bóyá a rí nínú wa tó ti gbé lọ́dọ̀ àwọn Júù débi tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sìn lé ọmọ lọ́wọ́. Èmi rèé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan ní Golders Green, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù níbí. N ò ní dárúkọ wọn. Màmá ni mo ń pè wọ́n nígbà náà, Màmá náà ni n óò máa pè wọ́n.

Ọdún àkọ́kọ́, àjọ Ìrékọjá ku ọ̀la, àjọ tí wọ́n fi ń rántí bí wọ́n ṣe bọ́ lóko ẹrú Íjíbítì, tí wọn kì í sì í jẹ búrẹ́dì tó wú nígbà rẹ̀, mo gbé búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà dání lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó ọmọ Màmá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀rá ọwọ́ mi bí ẹni rí paramọ́lẹ̀. Wọ́n ti fọ ilé ìdáná tónítóní, wọ́n ti pààrọ̀ àwo, ṣíbí àti ìkòkò, èérún búrẹ́dì kan ò gbọdọ̀ kù. Mo ní kí n kúkú jẹ ẹ̀wà nìkan. Ẹ̀wà náà ò gbọdọ̀ wọlé! Ọ̀pọ̀ Júù tí baba ńlá wọn wá láti Yúróòpù kì í jẹ ẹ̀wà, wọn kì í sì í jẹ ìrẹsì, jálẹ̀ ọjọ́ mẹ́jọ àjọ náà. Ibùdókọ̀ ni mo jókòó sí jẹun, nínú òtútù. (Ọjọ́ mẹ́jọ láìsí ìrẹsì. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó ń yan oúnjẹ.)

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n wá búrẹ́dì tó kù. Kò kúkú kù. Ọmọ Màmá ló dìídì fi ìwé wé ègé kéékèèké mẹ́wàá, tó fi wọ́n pamọ́ káàkiri. Wọ́n pa iná. Ọmọ-ọmọ Màmá, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà, gbé àbẹ́là ṣáájú, bàbá rẹ̀ mú ìyẹ́ ẹyẹ àti ṣíbí onígi tẹ̀lé e. Bó bá ti rí ọ̀kan, á pariwo, wọn á fi ìyẹ́ gbá a sínú ṣíbí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n rí. Wọ́n wo abẹ́ àga, wọ́n wo ẹ̀yìn ìwé, wọ́n wo inú bàtà. Ẹkún ti ń gbọ̀n lẹ́nu ọmọ. Àfi bí àyà mi ṣe já. Mo rántí pé bí mo ṣe ń tún ìrọ̀rí Màmá ṣe, mo rí ìwé kan tó ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo ṣebí ìdọ̀tí ni, mo sì ti sọ ọ́ sínú garawa ìta.

Mo jẹ́wọ́. Ilé pa lọ́lọ́. Ká má parọ́, mo ti ń ro ibi tí n óò tún ti wáṣẹ́. Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àdúrà ti wà nílẹ̀ fún èyí tójú ò bá tó: kó dà bí erùpẹ̀ ilẹ̀. Wọ́n gba àdúrà náà, ó parí síbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni oúnjẹ àjọ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní Seder. Wọ́n ní kí n dúró torí ọwọ́ Màmá ń gbọ̀n. Àkàrà aláìwú pẹlẹbẹ wà lórí tábìlì, omi iyọ̀ wà níbẹ̀, àti gbòǹgbò kan tí wọ́n rin, tó ta sí mi nímú títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ kékeré yẹn gun orí àga, ó fi orin béèrè ìbéèrè mẹ́rin lédè Hébérù, tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: Kí ló mú òru òní yàtọ̀ sí gbogbo òru? Ìgbà tó béèrè tán ni bàbá rẹ̀ tó la ẹnu: Ẹrú Fáráò ni wá ní Íjíbítì. Ẹ gbọ́ o, "wa" ló ní, kò ní "wọn".

Ẹ̀yin tí wọ́n pàlọ́ fún bí wọ́n ṣe pa á fún mi, ẹ bá mi wò ó. Tiwa, àgbà ló ń ké "Ààlọ́ o", ọmọ á jẹ́ "Ààlọ̀". Bọ́mọ bá béèrè jù, wọn á ní ẹnu rẹ̀ ti ń pọ̀. Tiwọn, ìtàn ò lè gbéra láìjẹ́ pé ọmọ béèrè. Wọ́n tiẹ̀ fi ìdajì àkàrà aláìwú kan pamọ́ fáwọn ọmọdé láti wá, kí oorun má baà gbé wọn lọ kí ìtàn tó tán. Àti kékeré ni mo ti ń ka Ẹ́kísódù 13:8, "Ìwọ ó sì sọ fún ọmọ rẹ ní ọjọ́ náà." N ò mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń ṣe é nídìí oúnjẹ.

Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ni wọ́n bí Màmá sí. Nígbà Ìrékọjá 1939, àwọn ló kéré jù nílé, àwọn ló bi bàbá wọn léèrè. Kí ọdún náà tó pé ìdajì dáadáa, wọ́n ti gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú irin Kindertransport, pẹ̀lú àwọn ọmọ bí 10,000 tí wọ́n kó sá fún Hitler wá sí ìlú òyìnbó níbí kí ogun tó bẹ́. Ọmọ ọdún méje. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin Liverpool Street, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ni wọ́n sọ̀ sí. Wọn ò tún fojú kan bàbá àti ìyá wọn mọ́. Ìdílé Kristẹni tó gbà wọ́n sílé ṣe dáadáa sí wọn, àmọ́ kò sí Ìrékọjá níbẹ̀. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni Màmá ti ń kọ orin ìbéèrè náà wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ wọn sọ fún mi pé bí òfin ṣe wí gan-an nìyẹn: ẹni tó bá dá wà, kó bi ara rẹ̀. Ohùn tí ọmọ yẹn fi kọrin lórí àga, ohùn bàbá Vienna ni. Màmá ò ní fọ́tò bàbá wọn kankan.

Nígbà tó di ọdún kejì, ọmọ náà béèrè ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó fi ìkarùn-ún lé e, ó kọjú sí mi: ṣé òótọ́ ni pé èmi ni mo sọ búrẹ́dì kẹwàá nù? Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá ní rárá o, bẹ́ẹ̀ kọ́ là ń dáhùn, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbàdàn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrántí. Tèmi ò gùn. Nígbà tí mo lọ sí Jerúsálẹ́mù, a dé ibi Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a bá wọn níbi ayẹyẹ ọmọkùnrin tó pé ọdún 13. Ọmọ ń ka Tórà, ìwé òfin Mósè, àwọn obìnrin gun àga ní ìhà kejì ọgbà láti yọjú wò ó, wọ́n ń ju súìtì sí i. Ọ̀kan bà mí lórí, mo jẹ ẹ́. Ẹni tó mú wa káàkiri sọ pé àdúrà kan wà tí bàbá ń gbà lọ́jọ́ náà, pé ìbùkún ni fún Ẹni tó gba ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí kúrò lọ́rùn òun. Ọdún 13! Tèmi ti pé 34, ó ṣì pè mí níjẹta pé owó ilé ti tó san.

Ìyàwó Wọn, Amẹ́ríkà:

Júù ni ọkọ mi. Bàbá àgbà rẹ̀ kú lóṣù méjì ṣáájú kí n tó bímọ, ìyá ọkọ mi sì ń fi ọgbọ́n sọ ọ́ pé àwọn máa ń sọ ọmọ lórúkọ ará ilé tó ti kú, pé àwọn kì í fi orúkọ ẹni tó wà láyé sọ ọmọ. Mo ní, "Màmá, Babátúndé lẹ̀ ń wí yẹn." Bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó sọ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ pé èmi kì í ṣe Júù kọ́kọ́ dà bí ẹrù. Lọ́dọ̀ àwọn tó di òfin àtijọ́ mú, ìyá lọmọ ń tẹ̀lé. Sínágọ́gù ọkọ mi, ilé ìjọsìn wọn, wà lára àwọn Reform, ẹ̀ka tí kò fi bẹ́ẹ̀ di òfin àtijọ́ mú. Láti 1983 ni wọ́n ti gbà ní Amẹ́ríkà níbí pé ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí wọ́n sì fi ẹ̀sìn náà tọ́, ọmọ àwọn ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ní alaalẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ mi á gbé ọwọ́ lé orí ọmọ: kí Ọlọ́run ṣe ọ́ bí Éfúráímù àti Mánásè. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe Ábúráhámù. Ó ní ọ̀kan nínú àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé ilẹ̀ àjèjì ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, wọn ò sì gbàgbé ilé. N ò fèsì, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ṣe tán, èmi á jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, n óò ki ọmọ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dá mi dúró láàárín oríkì. Ó ní kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. N ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méje ni mo ti ń kì í! Aago kan òru ti lù nílé, síbẹ̀ mo pe bàbá mi lórí WhatsApp, mo ti ń tọrọ àforíjì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ta ló béèrè? Mo ní ọmọ yín ni. Wọ́n wúkọ́, mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àga. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sí i létí.