Férémù wo ló yẹ àwòrán orí ìwé àtijọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ ra àwòrán tí ayàwòrán Terrance Guardipee yà, ọmọ Blackfeet, ìyẹn ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, láti ìpínlẹ̀ Montana. Orí ìwé ìṣirò owó àtijọ́ àti máàpù tó ti gbó ló máa ń ya àwọn jagunjagun àti ẹṣin sí. Irú iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti ẹ̀yà Cheyenne àti Kiowa, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ní Fort Marion, odi ológun kan ní Florida, láàárín 1875 sí 1878 nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ wù mí dọ́ba!

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń tètè ya, oòrùn sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ṣá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwòrán jọ, irú gíláàsì àti páálí wo ni kí n ní kí wọ́n fi ṣe férémù rẹ̀? Oòrùn àárọ̀ máa ń wọ pálọ̀ mi. Ṣé kí n kúkú gbé e kọ́ sí yàrá?