Sàlẹ́ńsà wo lẹ fi sí pick-up àtijọ́ yín tó ń bú dáadáa tí ọlọ́pàá ò sì dá yín dúró?

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Chevrolet C10 ọdún 1972, ẹ́ńjìnnì V8 350, oní sìlíńdà mẹ́jọ, ló wà nínú ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ti fi sàlẹ́ńsà kan pa á lẹ́nu mọ́, ó kàn ń mí ni. Mo fẹ́ kó máa bú, kí àdúgbò mọ̀ pé mo ti ń bọ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Bàbá Páìpù
Àbúrò, glasspack ni mo kọ́kọ́ fi sí Ford F-100 tèmi, Cherry Bomb, èyí pupa gígùn yẹn. Owó ẹ̀ ò pọ̀, wẹ́dà ti jó o mọ́ ọn kí n tó jẹun tán. Páìpù oníhò wẹ́wẹ́ ló gba àárín ẹ̀ kọjá, wọ́n wá fi òwú gíláàsì wé e lára. Òwú yẹn ló ń gbé ariwo mì. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, ooru ẹ́ńjìnnì á máa jó o, èéfín á sì máa fẹ́ ẹ jáde díẹ̀díẹ̀, irú glasspack yòówù kó jẹ́. Ohun tó bófin mu lọ́jọ́ tó o rà á lè máà bófin mu mọ́ tó bá yá. Tèmi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìgbà tó yá, ajá àdúgbò ń sá wọlé. Mo wá pààrọ̀ ẹ̀ sí oníyàrá, irú èyí tí Flowmaster ń ṣe. Ìyẹn ò lówùú nínú, irin ni wọ́n fi pín inú ẹ̀. Ìyá ìlù ni ìyẹn, glasspack ni omele.

Sìsí Dallas
Ẹ ra Camry.

Adé LA
Ní California níbí, 95 dẹ́síbẹ̀lì ni òfin gbà fún ọkọ̀ tí ìwọ̀n ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ò tó 6,000 pọ́n-ùn. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu páìpù ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ sí, 20 íńṣì péré. Ọkọ̀ onípẹtiróòlù ọdún 1975 sẹ́yìn ò ṣe àyẹ̀wò èéfín mọ́, àmọ́ ìyẹn ò kan ariwo o! Àwọn èèyàn wa máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston
Ẹ̀gbọ́n, Texas ńkọ́? Mélòó ni tiwa?

Ìyá Ìbejì Katy
Kò sí mélòó kankan. Ohun tí òfin Texas sọ ní 547.604 ni pé kí ọkọ̀ ní sàlẹ́ńsà tó ń ṣiṣẹ́, kó má pariwo jù, kó má sì ní cutout tàbí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí èéfín lè gbà yẹ sàlẹ́ńsà sílẹ̀. Ta ló máa wá sọ pé ó ti pọ̀ jù? Etí ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró ni. Òótọ́ ni pé láti January 2025 wọn ò yẹ ọkọ̀ wa wò fún ààbò mọ́, òfin ariwo ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ọkọ mi ní irú ọkọ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n gé páìpù ẹ̀ kúrú sábẹ́ ibi tá a jókòó sí, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dùn. Tá a bá ti gun orí márosẹ̀ I-10, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kì í ṣe ariwo o, kíkùn ni, nínú agbárí mi gan-an. A dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, ẹnu pásítọ̀ ń lọ sókè sódò, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó yan ọ̀kan, èmi tàbí páìpù.

Bàbá Páìpù
Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èwo ló wá yàn?

Ìyá Ìbejì Katy
Ó ṣì ń rò ó, sà.

Sìsí Dallas
Háà! Mo ní ẹ ra Camry.

Wẹ́dà Baltimore
Ẹ má dá ọkùnrin náà lẹ́bi tán, ẹni tó gé páìpù ni kẹ́ ẹ mú. Iwájú pick-up kéré, ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Tí páìpù bá pin sábẹ́ ibẹ̀, ohùn á ta mọ́ títì, á padà wọlé bá yín. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nǹkan bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan (RPM) ni kíkùn yẹn máa ń le jù, eré márosẹ̀ sì rèé. Kí wọ́n fa páìpù kọjá táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n fi H-pipe so ọ̀tún mọ́ òsì. Íńṣì méjì àbọ̀ ti tó fún 350 tí wọn ò tíì tú wò.

Adé LA
X-pipe dáa jù H-pipe lọ.

Wẹ́dà Baltimore
Fún eré ìje. Tó bá jẹ́ ohùn àgbà lẹ ń wá, H ni.

Ọmọ Bódìjà
Owó lẹ ń ná sórí èyí? Peugeot 504 pick-up bàbá mi ní Ìbàdàn, wọn ò ra nǹkan kan sí i, sàlẹ́ńsà ẹ̀ jẹrà fúnra ẹ̀ ni. Láti Mọ́kọ́lá la ti máa ń gbọ́ pé wọ́n ti ń bọ̀ wálé ní Bódìjà.

Adé LA
Mọ́kọ́lá sí Bódìjà? Irọ́ yẹn pọ̀.

Wẹ́dà Baltimore
Ihò kì í ṣe ohùn, ọ̀gbẹ́ni. Sìlíńdà mẹ́rin ni 504, epo ń gbiná nínú wọn ní dọ́gbadọ́gba, ìyẹn là ń pè ní yíyìn. V8 Chevy kì í yìn dọ́gba lápá kọ̀ọ̀kan, ìkọsẹ̀ yẹn gan-an ló ń bú létí yín. 504 ò lè bú láé, híhó ló ń hó.

Ọmọ Bódìjà
Má fojú di 504. Iṣu tó kó lẹ jẹ dàgbà.

Tunji Peckham
Ní tiwa ní ìlú ọba níbí, ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún tí wọn ò tún bátànì ẹ̀ ṣe ò lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́. Àmọ́ tó o bá yí sàlẹ́ńsà padà kó lè pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, o ti lòdì sófin. Wọn ò béèrè bóyá ó dùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá Houston
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Oníyàrá, íńṣì méjì àbọ̀, H-pipe, kó kọjá táyà ẹ̀yìn. Mo ti bá wẹ́dà sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ti ka ti Ìyá Ìbejì, ó ní òun lòun máa kọ́kọ́ wà á lórí márosẹ̀.

Ọmọ Bódìjà
Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni Chevy yẹn ń gbé?

Bàbá Páìpù
Ìdajì tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ Bódìjà
504 ń gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ẹ máa bú lọ.