Kí ni àǹfààní ìdàpọ̀ inú ilé fún ẹni tí ó ti ní ìjọ tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀?

Olùkọ́ Tuntun, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Oṣù kẹrin rèé tí iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi láti Ìkìrun wá sí Òṣogbo, mo sì ń jọ́sìn nínú ìjọ ńlá kan ní agbègbè Ògo-Olúwa. Ìsìn ibẹ̀ dùn, àwọn akọrin wọn sì mọ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, ẹnì kan ṣoṣo tí ó mọ orúkọ mi níbẹ̀ ni bàbá tí ó ń ṣọ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, nítorí pé mo máa ń fi alùpùpù mi dí ọ̀nà. Wọ́n sọ fún mi pé ìdàpọ̀ inú ilé kan wà ní òpópónà wa, níbi tí àwọn ènìyàn bíi 12 ti ń pàdé ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé wọn yóò máa wádìí ọ̀rọ̀ ilé mi. Kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀ tí n kò rí nínú ìsìn òwúrọ̀? Mo bẹ yín, ẹ má ṣe ka ẹsẹ Bíbélì nìkan fún mi, ohun tí ojú yín ti rí ni kí ẹ sọ.

Aránṣọ Alékúwódò

Ẹ kú àbọ̀ sí Òṣogbo, Olùkọ́. Nínú ìjọ tí èrò ibẹ̀ tó 600, bí ẹ kò bá wá, ẹlòmíràn yóò jókòó sí àyè yín kí orin àkọ́kọ́ tó parí. Nínú pálọ̀ tí àga rẹ̀ kò ju 12 lọ, gbogbo ènìyàn ni yóò máa wo àga tí ó ṣófo.

Ní àsìkò òjò ọdún kejì sẹ́yìn, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń gbé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé n kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mò ń ṣagbe. Mo pa ìpàdé jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo. Kí agogo 7 tó lù, àwọn arábìnrin méjì ti ń kan ilẹ̀kùn mi, iná ọba ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ríran gun àtẹ̀gùn wá. Ọ̀kan gbé ògì gbígbóná wá nínú fúláàsì. Èkejì kò tilẹ̀ gbàdúrà kí ó tó wọ ilé ìdáná mi lọ, ó ṣí ìkòkò, ó rí i pé ó ti gbẹ, ó sì jáde láìsọ̀rọ̀ lọ ra omi. Ní ọjọ́ kejì, òun ni ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi tí ó ń bẹ àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn kò tíì parí. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó bá mi tan.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín: ojú kan náà tí ó rí mi nígbà tí mo ń ṣàìsàn ni ó rí mi ní ọdún tó kọjá nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Wọ́n bi mí léèrè. Inú bí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó lọ san díẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Stéṣọ̀n

Kí Olùkọ́ gbọ́ apá kejì o. Mo wà nínú irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, n kò ní dárúkọ ìjọ náà. Mo sọ ìṣòro tí ó wà láàárín èmi àti ìyàwó mi pé kí wọ́n bá wa fi í sínú àdúrà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ti ń gbà mí nímọ̀ràn lórí rẹ̀ ní Ọjà Ọba, níbi tí mo ti ń ra iṣu. Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mò ń lọ, mo sì ń padà sí ilé mi ní àlàáfíà.

Bàbá Olórí Kíláàsì, Òkè-Fìà

Ọmọ Stéṣọ̀n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí yín burú, n kò sì ní gbèjà wọn. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣe olórí kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré tí ń pàdé nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín tiwa, nítorí ó kan ìbéèrè ẹ̀yin méjèèjì.

Gbèsè ni ó bí i. Ní 1742, ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn John Wesley, ẹni tí ó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Wọ́n dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa san pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Ẹnì kan ní àwọn tálákà ń kọ́, wọn kò lè san án. Ọkùnrin kan tí ó ti ṣiṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun rí sì dáhùn pé kí wọ́n kó 11 nínú àwọn tí ó tálákà jù lọ sábẹ́ òun, pé èyí tí kò bá rí tirẹ̀ san, òun yóò san án fún un. Bí wọ́n ṣe pín gbogbo ìjọ sí ẹni 12, 12 nìyẹn, tí olórí ń lọ láti ilé dé ilé gba pẹ́nì. Nígbà tí wọ́n dé inú ilé, wọ́n rí ohun tí wọn kò lè rí láti orí pẹpẹ: ọtí ti gba ọwọ́ ẹnì kan, ẹlòmíràn ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé ó rọrùn kí àwọn 12 náà máa pàdé pọ̀. Nítorí náà, Olùkọ́, wọn yóò mọ ọ̀rọ̀ ilé yín díẹ̀, n kò lè sọ pé wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mìíràn wà nígbà náà tí ó kéré ju kíláàsì lọ fún ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya kì í ṣe ohun tí à ń tú sílẹ̀ láàárín ẹni 12, olórí tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dá ẹni tí ó fẹ́ tú u dúró.

Ẹ má sì fojú di kékeré. Ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan nínú ìjọ Áńgílíkà St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, wà lára orísun àwọn ìjọ Aládùúrà, kí ìsọjí Òkè-Ooyè ní Iléṣà, nítòsí wa níbí, tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1930.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ tó ìtàn. Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí ó ń ta bátìrì ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan ó na ọwọ́, ó ní, “Bàbá, kí ni wọ́n ń pè ní ìdáláre gan-an?” Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà èwe, kò sì sí ìgbà tí ó lè dìde láàárín ìwàásù béèrè. Ẹni mẹ́rin tí ó jókòó níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni a lò lórí rẹ̀, a kò kan ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà rárá.

Ìyá Ìbejì, Dádà Estate

Kí n fi kan kún un: bí wọ́n bá ti ń yá ara wọn lówó tàbí tí wọ́n ń dá àjọ nínú ìpàdé, ẹ gbàdúrà tiyín kí ẹ máa lọ. Mo ti rí ìdàpọ̀ tí ó fọ́ nítorí ẹni tí ó kó àjọ àkọ́kọ́ tí kò sì padà wá mọ́.

Olùkọ́ Tuntun, Òkè-Baálẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Ọmọ Stéṣọ̀n tí kò fi òtítọ́ pamọ́. Mo ti pinnu pé n ó lọ, ṣùgbọ́n etí ni n ó kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí n tó sọ ohunkóhun nípa ara mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gba iwájú ilé náà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ àná, bàtà 9 ni mo kà lẹ́nu ọ̀nà, ti ọmọdé wà nínú rẹ̀. Ìyá kan yọjú, ó bi mí bóyá èmi ni olùkọ́ tí ó kó dé sí ilé aláwọ̀ ewé, ó sì ní kí n má ṣe gbé alùpùpù mi sí ẹnu géètì bí mo bá ń bọ̀.