Tablet fún àbójútó akẹ́kọ̀ọ́ TP: níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?

Tíṣà Òkè-Ògùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Alábòójútó mẹ́fà la máa pín akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́) 84 láàárín ara wa ní TP (ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ń lọ kọ́ni nílé-ìwé) tó ń bọ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Òkèhò. Tablet Android kọ̀ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ wa. A fẹ́ gbé ìwé máàkì sórí rẹ̀, ká sì máa gba fídíò. Google Forms kò ṣí níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí. Kí lẹ rí sí i?

Aṣọ́bọ́ọ̀dù
Ẹ lo KoboCollect, app tó ń gba fọ́ọ̀mù láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù náà lórí KoboToolbox, ìkànnì tó bá a rìn, kí tablet kọ̀ọ̀kan gbà á sórí níbi tí Wi-Fi wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè kọ máàkì ní kíláàsì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé rí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́.

Ohun tó máa ń dà á rú ni kí ọ́fíìsì tún fọ́ọ̀mù ṣe láàárín TP. Àwọn kan á ti gba tuntun, àwọn tó kù á ṣì máa fi ti àná gba máàkì. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ní draft kò lọ síbì kankan, àfi kẹ́ ẹ tẹ "Finalize". Ẹni tó bá sì yọ app náà torí pé tablet kún, gbogbo máàkì tí kò tíì fi ránṣẹ́ ló bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan nọ́ńbà mátíríìkì látinú àkójọ. Bí wọ́n bá ń tẹ orúkọ fúnra wọn, "Adébáyọ̀ R." àti "R Adebayo" á di ẹni méjì.

Ìyá Kíláàsì
Ẹ má gba fídíò ogójì ìṣẹ́jú o. Ní 1080p (àwòrán tó mọ́ gan-an) ó lè ju 4 GB lọ, káàdì tó bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí káàdì fi ń to fáìlì) kò sì lè gba fáìlì kan tó tó bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà á gé e tàbí kó dákẹ́ láìsọ fún yín. 720p, tó rẹlẹ̀ sí i, ti tó. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta: ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà ìbéèrè, ìgbà tí àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́.

Ti ìbéèrè yẹn niṣẹ́ wà. Kẹ́ ẹ tó fún akẹ́kọ̀ọ́ TP náà ní máàkì, ẹ jókòó tì í, kó wo fídíò ara rẹ̀, kó sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni olùkọ́ sábà máa ń dúró. Tó bá tó mẹ́ta, ìdáhùn ọmọ á gùn sí i. "Ṣé ó yé yín?" "Ó yé wa, mà!" Ó ti kọjú sí bọ́ọ̀dù padà, ọmọ méjì lẹ́yìn sì ń gbẹ́ pẹ́ńsù lọ ní tiwọn. Tó bá fojú ara rẹ̀ rí i, kò sí pé alábòójútó kórìíra òun mọ́.

Tablet tó wà lẹ́yìn kíláàsì, ariwo àwọn ọmọ tó sún mọ́ ọn ló máa gbà. Ẹ fi fóònù kékeré sápò olùkọ́ náà kó gba ohùn, kí ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè fi so ohùn mọ́ àwòrán.

Ọmọ Lọ́yà
Àwọn ọmọ inú fídíò yẹn ńkọ́? Lábẹ́ Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, ọmọdé kò lè dá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ ni. Ẹ kọ ìwé ìyọ̀ǹda kúkúrú ní Yorùbá, kí ọ̀gá ilé-ìwé pín in lọ́sẹ̀ kan ṣáájú. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀, ẹ fi í síbi tí kámẹ́rà ò dé. Ẹ má lé e síta. Fídíò kankan ò gbọdọ̀ dé orí group WhatsApp.

Tíṣà Òkè-Ògùn
Ẹ ṣé gan-an ni. Iná ńkọ́? Páwà báǹkì 20,000 mAh ni wọ́n fẹ́ rà.

Aṣọ́bọ́ọ̀dù
Nǹkan bí 12,000 ló máa dé inú tablet, torí pé láti 3.7 volt ló ti ń gbé e sókè sí 5, díẹ̀ sì ń bá ooru lọ. Tí bátìrì tablet bá jẹ́ 7,000, á kún lẹ́ẹ̀kan àbọ̀ àti díẹ̀. Ẹ fi í sí airplane mode; nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wá tí kò rí máa ń jẹ bátìrì gan-an. Tí GPS bá wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹ bọ́ sí gbangba kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lábẹ́ páànù ó máa ń pẹ́.