"Epo ìfọbọn" kọ́ ni: ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀rá ọta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí á pe ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá jó ní "ìdọ̀tí ìbọn", kí á sì pe ọ̀rá tí wọ́n ń fi pa ọta nítorí rẹ̀ ní "epo ìfọbọn". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè bá yín lọ síbẹ̀. Èyí ẹ̀kejì ló ká mi lára jù, nítorí ó ń purọ́ mọ́ iṣẹ́ tí ọ̀rá náà ń ṣe.

Ìbọn tí à ń sọ kì í ṣe ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Ìbọn oníkátíríìjì ni, tí wọ́n ń ki láti ìdí, tí ẹ̀tù àti ọta òjé jọ wà nínú akoto idẹ kan. Èyí tí àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1873 wà lára wọn. .45-70 ni orúkọ kátíríìjì rẹ̀: 45 dúró fún ìbú ọta, ìyẹn 0.45 ínṣì; 70 sì ni ìwọ̀n ẹ̀tù inú rẹ̀ ní gíréènì, bíi gíráàmù 4.5.

Nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀tù, 75 jẹ́ pọtásíọ̀mù náítíréètì, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Bí iná bá ràn án, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí kì í di afẹ́fẹ́ rárá. Iyọ̀ oríṣiríṣi ló máa ń dà, pẹ̀lú èédú tí kò jó tán. Apá kan a bá èéfín funfun yẹn jáde, ìyókù a lẹ̀ mọ́ irin. Ìdí nìyí tí mo fi ní "ìdọ̀tí" kò bá a mu. Ìdọ̀tí lè jẹ́ ohunkóhun tó wà níbi tí kò yẹ kó wà, a lè fi ìgbálẹ̀ gbá a. Èérí ló ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní èérí ẹ̀tù.

Ṣùgbọ́n èérí ẹ̀tù nìkan kò tó, nítorí ipò méjì ló ní. Bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́, rírọ̀ ló máa ń rọ̀, torí iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi mọ́ra. Ọta tó bá tẹ̀lé e a gbá a síwájú, kò sí ìjọ̀ngbọ̀n. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tí ọ̀pá sì ti gbóná, yóò le gbagidi. Ibi tó sún mọ́ ẹnu ìbọn ló sábà máa ń le sí jù, níbi tí ọ̀rá ti tán lára ọta. Yóò máa ha ọta lára, òjé yóò máa kù sára irin, ayìnbọn ò sì ní mọ ibi tí ọta òun ń lọ mọ́. Èyí tó le yìí ni mo fẹ́ ká máa pè ní èépá ẹ̀tù. Ẹni tó bá ti rí egbò tó san tán mọ ohun tí èépá jẹ́.

Ó wá kan "epo ìfọbọn". Ọ̀rá yìí kì í fọ nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí èérí rọ̀, kó má di èépá, ó sì ń jẹ́ kí ọta yọ̀ kọjá. Omi gan-an ló ń fọ ìbọn, nítorí iyọ̀ ni wọ́n fẹ́ fọ̀ kúrò. Bí wọ́n bá fi iyọ̀ yẹn sílẹ̀, kíá ni irin á dógùn-ún. Bí ẹ bá pe ọ̀rá ní epo ìfọbọn, ẹni tó bá gba orúkọ náà gbọ́ yóò fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ láìfọ̀.

Ẹlòmíràn ní ká fi ohun tí wọ́n fi ṣe é sọ ọ́ lórúkọ, ká pè é ní "ọ̀rá màlúù". Èyí náà kò dúró. Ìda oyin ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n lè pò ó mọ́ ọ̀rá màlúù tàbí mọ́ òróró. (Àwọn ayìnbọn máa ń yẹra fún epo tí wọ́n wà láti inú ilẹ̀, wọ́n ní ó máa ń bá èérí pò di ohun dúdú bí ọ̀dà.) Ẹ sì rántí Íńdíà ní 1857. Eyín ni àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ya bébà kátíríìjì ìbọn Enfield, ni àhesọ bá gbalẹ̀ pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa á. Ẹlẹ́sìn Híńdù ò gbọdọ̀ jẹ ti àkọ́kọ́, Mùsùlùmí ò gbọdọ̀ jẹ ìkejì. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n máa fi ohun tó bá wù wọ́n pa á, ẹ̀pa ò bóró mọ́, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Meerut ní oṣù karùn-ún.

Ọ̀rá ọta ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní inú màlúù ni ọ̀rá màlúù ti ń wá, ṣé inú ọta ni ọ̀rá ọta ti wá ni? Epo mọ́tò ńkọ́? Ta ló fún un lára mọ́tò? Ẹnu wa ti gba irú ìsopọ̀ yìí tipẹ́. Ibi tí ọ̀rá náà wà sì ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí: kòtò tóóró tó yí ara ọta ká ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí. Kìkì pé kí ẹ fi àmì sí i o, kó má lọ di ọ̀rá ọ̀tá.

Bí ọ̀rá bá tó, yóò hàn lẹ́nu ìbọn lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín: ọ̀rá dúdú mìnìjọ̀ a tò yí ihò ká, a ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀ bí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ ọ̀rá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ti ọ̀pá kékeré tí ayìnbọn ń tì bọ ìdí ìbọn, lẹ́yìn tó bá ti yọ akoto, tí ó sì ń mí èémí gbígbóná gba inú rẹ̀ kí èérí lè rọ̀, mo rí i pé àbúrò wa kan pè é ní "ọ̀pá ìmísí". Mo rẹ́rìn-ín títí. Wòlíì ló ń gba ìmísí, àbúrò. Ọ̀pá èémí ti tó.

Ní ti orúkọ ẹ̀tù tí à ń sọ yìí, "ẹ̀tù dúdú" ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ẹ̀tù lásán ti tó. Láti 1884 tí Paul Vieille, onímọ̀ kẹ́míkà, ti ṣe ẹ̀tù tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan ní ilẹ̀ Faransé, ẹ̀tù ti di méjì, ti Vieille kì í sì í fi irú èérí yìí sílẹ̀.

Ó ku ilà tó lọ́ yí inú ọ̀pá ká, tó ń mú ọta pòòyì. "Ilà lílọ́" ni mo ní lọ́wọ́, kò sì dùn mọ́ mi. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ kó gbé e wá.